Dẹfẹ́lọ́pà fẹ́ kọ́ àjà méjì lé wa lórí: ta ló ni òkè fúláàtì?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Èmi àti ìyàwó mi ra fúláàtì kan ní Gbàgádà, àjà kẹta, òun ló wà lókè pátápátá. Fúláàtì mẹ́fà ló wà nínú ilé náà, méjì méjì lórí àjà kọ̀ọ̀kan. A sanwó tán, lọ́yà kọ̀wé fún wa, gbogbo wa fọwọ́ sí i. Oṣù tó kọjá ni dẹfẹ́lọ́pà kó ẹnjiníà wá, wọ́n gun orí òrùlé, wọ́n ń wọn nǹkan. Nígbà tá a bi í, ó ní òun fẹ́ ká páànù kúrò, kóun kọ́ àjà méjì sí i, kóun sì gbé ọ̀pá nẹ́tíwọ́ọ̀kì lé e. Ó ní fúláàtì lòun tà fún wa, òun ò ta òkè. Mo wo sọ́fè tó fún wa, ilẹ̀ nìkan ló wà ńbẹ̀, píllà mẹ́rin pẹ̀lú nọ́ńbà wọn, orúkọ kọ́ńpìnnì rẹ̀ ló sì wà lórí ẹ̀. Ta ló ni òkè? Ṣé a lè dá a dúró?

* * *

Mo ti ka èsì tó wà ńlẹ̀. Àwọn kan ní kẹ́ ẹ kó àwọn bọ̀ìsì jọ kẹ́ ẹ ti géètì mọ́ ọn, àwọn kan ní kẹ́ ẹ gba kádàrá torí orúkọ kọ́ńpìnnì rẹ̀ ló wà lórí sọ́fè. Èmi ò bá ìkankan nínú wọn lọ. Mo ti bá sọ́féyọ̀ gbé tẹ́ẹ̀pù rí, ọ́fíìsì lọ́yà ni mo wà báyìí tí mò ń to ìwé ilẹ̀, ohun tí mo sì máa ń rí ni pé sọ́fè làwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ sá lọ wò, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ò lè dá irú ẹjọ́ yìí.

Ẹ tún tiyín wò dáadáa. Nọ́ńbà píllà wà ńbẹ̀, ibi tí kálukú wọn wà sí ìlà-oòrùn àti àríwá, iye mítà láti píllà kan sí èkejì, bí ilẹ̀ náà ṣe fẹ̀ tó, títì tó wà níwájú rẹ̀, sítáǹbù àti ìbuwọ́lùwé sọ́féyọ̀. Kò síbi tó ti sọ pé nǹkan kan ga tó báyìí tàbí pé ó jìn tó báyìí. Fúláàtì mẹ́fà tó gun ara wọn, nọ́ńbà kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́ lórí ìwé yẹn. Tẹ́ ẹ bá tẹ òǹkà ìlà-oòrùn àti àríwá yẹn sínú fóònù, ọ̀dọ̀ yín ló máa júwe, ọ̀dọ̀ ẹni tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ló máa júwe, táǹkì ṣáláńgá tẹ́ ẹ rì mọ́lẹ̀ pàápàá, òun náà nìyẹn.

Ohun tó sọ fúláàtì yín di tiyín ni ọ̀rọ̀ inú ìwé tẹ́ ẹ fọwọ́ sí, pàápàá ojú ewé ẹ̀yìn tí wọ́n ti júwe ohun tí wọ́n tà, àti àwòrán tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, tí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́ rárá. Ẹ wá ojú ewé yẹn. Ẹ wò ó bóyá ó dárúkọ ògiri, dẹ́kìn, síìlìn, òrùlé. Ẹ wò ó bóyá wọ́n ní àwọn ibì kan wà tí gbogbo yín jọ ń lò. Ẹ tún wò ó bóyá ẹni tó tà á gbé nǹkan kan pamọ́ fún ara rẹ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n máa ń fi í sí, láàárín gbólóhùn gígùn tẹ́nì kankan ò ní sùúrù láti kà tán. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ kọ ọ́ síbí.

Kẹ́ ẹ tó rí i ṣá, ohun kan wà tó yá ju ẹjọ́ ta ló ni ín lọ. Ó báà jẹ́ òun ló ni òkè, ó báà jẹ́ ẹ̀yin, kò lè kàn dédé bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé. L'Ékòó, LASPPPA ló ń fúnni níwèé àṣẹ ìkọ́lé, LASBCA ló ń bójú tó bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ. Tó bá jẹ́ àjà mẹ́ta ni wọ́n fọwọ́ sí fún ilé yẹn, ìwé tuntun ni àjà márùn-ún, ó sì gbọ́dọ̀ fi hàn pé ìpìlẹ̀ àti òpó tó wà ńlẹ̀ lè gbé e. Ẹ kọ lẹ́tà sí àwọn méjèèjì lọ́sẹ̀ yìí, ẹ gba ẹ̀dà tí wọ́n tẹ sítáǹbù lé padà. Lẹ́tà yẹn lè dá a dúró kí kóòtù tó pe ẹjọ́ yín rárá.

* * *

Ẹnì kan ní "ṣebí dẹfẹ́lọ́pà ní C of O, ọ̀rọ̀ ti parí." Ọ̀rọ̀ ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni o.

Látìgbà tí Land Use Act ti jáde ní 1978, gómìnà ló di ilẹ̀ ìpínlẹ̀ mú fún gbogbo ará ìlú. Ohun tí dẹfẹ́lọ́pà ní ò ju ẹ̀tọ́ láti lo ilẹ̀ náà fún iye ọdún kan, 99 ọdún ló wọ́pọ̀. C of O yẹn ń sọ bóun ṣe dé orí ilẹ̀ ni, kò sọ nǹkan kan nípa bó ṣe pín in fún ẹ̀yin mẹ́fà.

Ọ̀nà méjì ni mo máa ń rí tí wọ́n fi ń ta fúláàtì níbí. Wọ́n lè kọ assignment fún yín, ìyẹn ni pé gbogbo ẹ̀tọ́ tó ṣẹ́ kù lórí nǹkan náà ti kúrò lọ́wọ́ wọn. Ó dùn-ún gbọ́, àmọ́ ẹ bi wọ́n pé nǹkan wo? Tó bá jẹ́ "fúláàtì 5" nìkan ni wọ́n kọ, tí wọ́n kọ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo èèyàn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ta ni wọ́n wá fún nílẹ̀ tó wà lábẹ́ ilé? Ta ni wọ́n fún ní àtẹ̀gùn, páàkìǹgì, òrùlé? Ohun tí ẹnì kankan ò gbà ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó tà á, ohun tí lọ́yà rẹ̀ máa sọ ní kóòtù nìyẹn. Ọ̀nà kejì ni sub-lease: ẹ̀yin di ẹni tó gba ilé fún ọdún gígùn lọ́wọ́ rẹ̀, òun sì ṣì ni onílẹ̀ yín. Àwọn èèyàn máa ń bínú tí wọ́n bá gbọ́ sub-lease, wọ́n á ní "ṣé èmi tí mo san gbogbo owó yìí ni ayálégbé?" Èmi fẹ́ràn sub-lease tí wọ́n kọ dáadáa ju assignment olójú ewé méjì lọ, torí ó kéré tán, sub-lease máa ń sọ ẹni tó ń tún òrùlé ṣe àti ẹni tó gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ ta ni.

Èwo tó wù kó jẹ́, abala 22 Land Use Act ní kẹ́ ẹ gba kọ́ńsẹ́ǹtì gómìnà, ìyẹn ni pé kí gómìnà fọwọ́ sí i kí ẹ̀tọ́ tó kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Ẹ má fojú kéré ẹ̀ o. Nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo ní 1989, àwọn tó fi ilé dúró gba owó lọ́wọ́ báńkì fúnra wọn ló lọ sọ ní kóòtù pé ìdúró yẹn ò fẹsẹ̀ múlẹ̀ torí wọn ò gba kọ́ńsẹ́ǹtì, Supreme Court sì gbà fún wọn. Àwọn èèyàn bínú sí ìdájọ́ yẹn dọ́ba. Ní 1995, nínú ẹjọ́ Awojugbagbe, ilé ẹjọ́ kan náà dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, wọ́n ní èèyàn lè fọwọ́ sí ìwé kó tó gba kọ́ńsẹ́ǹtì, pé ìwé náà ò kàn tíì pé ni títí wọ́n á fi gbà á. Torí náà, ẹ sọ fún wa: ṣé kọ́ńsẹ́ǹtì tiyín ti jáde? Mo ní ìdí tí mo fi ń bèèrè, màá padà sí i.

* * *

Bàbá kan kọ̀wé pé òun ò lè fowó òun ra afẹ́fẹ́ láé, pé ilẹ̀ nìkan ni dúkìá, fúláàtì ò yàtọ̀ sí hòtẹ́ẹ̀lì. Ó pọ̀ gan-an tí wọ́n fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ ẹ̀. Bàbá, ẹ má bínú, mi ò gbà.

Àwọn tó ṣáájú wa mọ bí wọ́n ṣe ń pín òkè àti ìsàlẹ̀. Ẹ wo pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ẹbí ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tàbí n'Íbàdàn: àwọn ọmọ ìyàwó àkọ́kọ́ wà lókè, àwọn ọmọ ìyàwó kejì wà nísàlẹ̀, ojúlé ojúlé ni wọ́n pín in sí, ọ̀ọ̀dẹ̀, kànga àti ẹ̀yìnkùlé sì jẹ́ ti gbogbo wọn. Lóko ńkọ́? Ẹni tó fún àlejò nílẹ̀ dáko máa ń sọ pé ọ̀pẹ ò sí nínú ohun tóun fún un. Àlejò á gbin iṣu àti àgbàdo, á máa san ìṣákọ́lẹ̀, onílẹ̀ á máa wá gun ọ̀pẹ rẹ̀ lórí ilẹ̀ kan náà. Èèyàn méjì, ilẹ̀ kan, ẹ̀tọ́ méjì tó gun ara wọn, gbogbo abúlé sì mọ ẹni tó ni kí ni.

Ibi tó ti ń bà jẹ́ ni ìgbà tí àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe pín in bá kú tán. Mo mọ ilé ẹbí kan, mi ò ní sọ àdúgbò, tí páànù ti ń jò. Ará òkè ní kí gbogbo ẹbí dáwó. Ará ìsàlẹ̀ ní òjò ò kan òun, ṣebí ará òkè ni dẹ́kìn òun. Ará òkè náà bá dákẹ́, ó gbé bàsíà sábẹ́ ibi tó ń jò, nígbà tí bàsíà ò gbà á mọ́ ó jẹ́ kó máa ṣàn. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni irin inú dẹ́kìn bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà, kọ́ńkíréètì ń já bọ́ sínú pálọ̀ ìsàlẹ̀ ní wẹ́wẹ́. Wọ́n wá gbé àwòrán sọ́fè jáde fún wa lọ́fíìsì pé ká fi bá wọn parí ìjà. Sọ́fè! Ìwé tí ò tiẹ̀ mọ̀ pé ilé náà ní òkè.

* * *

Ẹ̀gbọ́n tó kọ̀wé láti Peckham ní irú ìyà yìí ò lè ṣẹlẹ̀ ní London. Ẹ̀gbọ́n mi, ó ń ṣẹlẹ̀ o, òfin ló tiẹ̀ là á sílẹ̀. Láti oṣù kẹjọ 2020, ní England, ẹni tó ni irú àwọn blọ́ọ̀kù fúláàtì kan tí wọ́n kọ́ láàárín 1948 sí 2018 lè fi àjà méjì kún un láìjẹ́ pé ó gba odindi ìwé àṣẹ tí wọ́n máa ń gbà tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń ra òkè ilé wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ wọn ò ju ìyẹn lọ. Kẹ́ ẹ jí láàárọ̀ ọjọ́ kan kẹ́ ẹ rí i pé wọ́n ti fi irin wé gbogbo ilé yín.

Ibi tẹ́ ẹ fi sàn jù wá lọ ni pé ìwé yín máa ń sọ̀rọ̀. Láti 2003, lìísì tó bá ju ọdún méje lọ gbọ́dọ̀ wọ rẹ́jísítà ilẹ̀. Máàpù tiyín náà pẹlẹbẹ ni ṣá o, ìlà pupa tí wọ́n fà yí ilé ká náà ni, àmọ́ wọ́n máa ń kọ ọ́ sínú rẹ́jísítà pé fúláàtì àjà kìíní nìkan ló wà nínú ìwé yìí. Gbólóhùn kan péré, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ ìjà. Ẹ tún ní òfin 1987 tó sọ pé tí onílẹ̀ bá fẹ́ ta ilé náà, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi lọ àwọn tó ń gbé inú ẹ̀ kó tó tà á fún ẹlòmíì. Ká ní a nírú ìyẹn l'Ékòó, ẹni tó bèèrè ìbéèrè yìí ò bá ti mọ ibi tó máa gbẹ́sẹ̀ lé.

Ẹ má wá bá wa polówó lìísì England jù, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin lẹ ń pariwo sévísì ṣáàjì, owó tẹ́ ẹ ń dá fún ìtọ́jú ilé, lójoojúmọ́. Commonhold, ètò tí onífúláàtì fi ń ni fúláàtì rẹ̀ láìsí onílẹ̀ lórí ẹ̀, tó yẹ kó gbà yín sílẹ̀ ti wà lóòfin láti 2004, ìwọ̀nba ilé díẹ̀ ló lò ó.

* * *

Àbúrò tó ní kí gómìnà gbé dróònù jáde, kí wọ́n ya gbogbo ilé l'Ékòó ní 3D, kí kálukú máa rí fúláàtì rẹ̀ lórí fóònù, kí ìjà tán. Ọ̀rọ̀ rẹ dùn, mo sì fẹ́ kí wọ́n ṣe é, àmọ́ ibi tó o ti bẹ̀rẹ̀ ò tọ̀nà.

Ọdún 2016 ni iléeṣẹ́ ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀ Netherlands kọ́kọ́ gba àwòrán 3D wọlé mọ́ ìwé, ibùdókọ̀ ojú irin Delft sì ni. Ojú irin wà nínú ihò lábẹ́ ilẹ̀, ibùdókọ̀ wà lókè ẹ̀, ọ́fíìsì ìjọba ìlú náà sì wà nínú ilé kan náà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ gé ilẹ̀ náà sí wẹ́wẹ́ bí nǹkan ṣe rí láti òkè, kí wọ́n wá kọ ẹ̀tọ́ lóríṣiríṣi lé ègé kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá sì wo máàpù náà ò ní lóye nǹkan kan. Àwòrán 3D yanjú ìyẹn. Àmọ́ ẹ̀tọ́ tó wà nínú ìwé ni àwòrán ń ṣàfihàn. Àdéhùn ta ló ni kí ni ti wà kó tó kan àwòrán. Ìlànà tí gbogbo ayé ń tẹ̀ lé lórí èyí, ISO 19152, tó jáde ní 2012, bó ṣe to ọ̀rọ̀ náà nìyẹn: ta ni, ẹ̀tọ́ wo, lórí àyè wo. Dróònù lè dáhùn "àyè wo" nìkan.

"Àyè wo" yẹn gan-an pàápàá, dróònù ò lè dá a dáhùn. Wá ká jọ wọn fúláàtì kan. Ká ní láti ìta ògiri sí ìta ògiri, ó jẹ́ mítà 10 ní 12. Búlọ́ọ̀kù ínṣì mẹ́sàn-án ni ògiri rẹ̀, ká pè é ní sẹ̀ǹtímítà 22 ààbọ̀. Tó o bá wọn ọ́n láti ìta, 120 square metre nìyẹn, òun ni wọ́n máa ń kọ sórí ìwé ìpolówó. Tó o bá wọn ọ́n láti inú ògiri sí inú ògiri, á di bíi 110. Tó o bá dé àárín ògiri, bíi 115. Yàrá kékeré kan ló wà láàárín òǹkà àkọ́kọ́ àti èkejì yẹn, ẹ̀rọ tó o fi wọ̀n ọ́n ì báà dára tó ti NASA, kò ní sọ fún ẹ èwo ni kó o kọ. Mo ti dúró rí pẹ̀lú tẹ́ẹ̀pù lọ́wọ́ nínú fúláàtì tí ẹni tó ń rà á dì í mú ní igun kan, ẹni tó ń tà á wà ní igun kejì, wọ́n sì ń bá ara wọn jà lórí bálíkónì bóyá ó wà nínú ẹ̀ àbí kò sí.

Ní Queensland ní Australia, wọ́n ti yanjú èyí tipẹ́. Tẹ́ ẹ bá fi ògiri, dẹ́kìn àti síìlìn pààlà, àárín rẹ̀ gan-an ni ààlà wà, ìdajì tìrẹ, ìdajì ti ẹnì kejì, tàbí ti gbogbo ilé tó bá jẹ́ ibi àjọni ló wà lódìkejì. Wọ́n tún ní irú pláànì kejì fún àyè tí ò lógiri rárá, afẹ́fẹ́ lásán, tí wọ́n fi ìwọ̀n gíga àti jíjìn júwe. Bàbá tó ní òun ò lè ra afẹ́fẹ́, wọ́n ń rà á o.

Tó bá jẹ́ àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa lẹ ń wá, ẹ wo Kẹ́ńyà. Ìṣòro wa gan-an ló bá wọn: fúláàtì tí wọ́n fi sub-lease gígùn tà, pẹ̀lú pláànì ayàwòrán ilé tí ò ṣe é gbé lé máàpù. Òfin Sectional Properties tí wọ́n ṣe ní 2020 ní kí wọ́n yí wọn padà, kí fúláàtì kọ̀ọ̀kan ní ìwé tirẹ̀, kí ó ní ìpín nínú ibi àjọni, kí gbogbo onílé jọ ní ẹgbẹ́ kan tó máa mójú tó ilé. Abuja náà kéde ní 2025 pé àwọn fẹ́ bẹ̀rẹ̀ irú ìwé yìí. Òfin ni kí Èkó kọ́kọ́ wá, kí dróònù tẹ̀ lé e.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀, ẹnì kan ló fà mí. Ó ní ọ̀rọ̀ òkè àti ìsàlẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ àwọn olówó fúláàtì ni. Rárá o. Abẹ́ bíríjì ńkọ́? Bíríjì Eko jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, ọjà wà lábẹ́ rẹ̀ ní Apọ̀ńgbọ̀n. Ní oṣù kẹta 2022 iná jó ọjà náà, ó ba bíríjì jẹ́, wọ́n ti apá kan pa fún àtúnṣe, gbogbo wa jẹ ìyà go-slow ẹ̀. Ta ló láṣẹ láti fi ọlọ́jà síbẹ̀? Máàpù pẹlẹbẹ á sọ pé bíríjì ni, ó tán.

Ẹ lọ sí Ìtàgúnmodi lẹ́bàá Iléṣà, níbi tí wọ́n ti ń wa góòlù. Àgbẹ̀ ló ni kòkó tó wà lókè, ẹbí ń pe ilẹ̀ ní tiwọn, gómìnà ló dì í mú lóòfin, góòlù inú rẹ̀ sì jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Ipele mẹ́rin lórí éékà kan. Kò sí olówó fúláàtì kankan ńbẹ̀.

* * *

Àǹtí kan bèèrè ohun tẹ́nì kankan ò fẹ́ gbọ́: tí ilé náà bá wó tàbí tó gbó, kí ló kù lọ́wọ́ ẹni tó wà lájà kẹta?

Tí ìwé yín bá sọ pé fúláàtì nìkan lẹ ní, tí ò fún yín ní ìpín kankan nínú ilẹ̀, ọ̀rọ̀ yín le o. Àyè tẹ́ ẹ rà ti di òfúrufú. Tó bá sọ pé ìkẹfà ilẹ̀ jẹ́ tiyín, ẹ ṣì ní nǹkan tẹ́ ẹ lè jókòó lé sọ̀rọ̀. Ìdí tí mo fi ń pariwo ìpín ilẹ̀ nìyẹn ju ohunkóhun lọ, ju òrùlé pàápàá.

Ó tún wà lóòfin Èkó ti 2010 lórí ètò ìkọ́lé pé tí ìwádìí bá fi hàn pé àìbìkítà onílé tàbí dẹfẹ́lọ́pà ló wó ilé, dúkìá náà máa di ti ìjọba. Lẹ́yìn tí ilé alájà 21 wó ní Ìkòyí ní oṣù kọkànlá 2021 ni ọ̀pọ̀ èèyàn tó gbọ́ òfin yẹn. Ẹ wá rò ó wò: ẹnì kan gun orí yín lọ kọ́ àjà méjì tí òpó ò lè gbé, ilé wó, ilẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ò ní orúkọ lórí ilẹ̀ náà, kí lẹ máa mú dání lọ sọ́dọ̀ ìjọba?

Singapore, tí wọ́n ti ní òfin fúláàtì láti 1967, ní ìdáhùn sí ti gbígbó. Fúláàtì kọ̀ọ̀kan ní ìpín tí wọ́n kọ sílẹ̀. Tí ilé bá ti pé ọdún mẹ́wàá, tí àwọn tó ní ìpín 80 nínú 100 bá fẹ́ tà á lódindi, wọ́n lè gbé e lọ fún àṣẹ, kódà tí àwọn tó kù bá ń ṣagídí. Tí kò bá tíì pé ọdún mẹ́wàá, 90 ni. Àwọn arúgbó kan ń sunkún lórí ẹ̀ níbẹ̀, mi ò sì dá wọn lẹ́bi, àmọ́ wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń bá jà. Níbí, ẹni kan ṣoṣo tó bá ti lọ sí Canada tí ò gbé fóònù mọ́ lè so gbogbo ilé rọ̀.

* * *

Ẹni tó bi wá léèrè ti padà wá, ẹ ṣeun. Ó ní assignment ni, pé ohun tí wọ́n kọ ni "fúláàtì 5, àjà kẹta, pẹ̀lú ẹ̀tọ́ láti lo àwọn ibi àjọlò." Kò dárúkọ òrùlé. Kò sí ìpín ilẹ̀. Dẹfẹ́lọ́pà ò sì kọ ọ́ síbì kankan pé òun gbé òkè pamọ́ fún ara òun. Àmọ́ nínú ìwé sévísì ṣáàjì tó wà lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n ní kí fúláàtì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà máa dáwó fún àtúnṣe "òrùlé, àtẹ̀gùn, bọ́ọ̀hólù àti jẹnẹrétọ̀." Kọ́ńsẹ́ǹtì ò tíì jáde.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ní ẹjọ́ náà ti kú, torí ìwé náà dákẹ́ lórí òkè. Èmi rí i pé ọwọ́ ẹ ò ṣófo. Ẹ wo ìlà sévísì ṣáàjì yẹn dáadáa. Dẹfẹ́lọ́pà fúnra rẹ̀ ló to òrùlé mọ́ àtẹ̀gùn, òun ló ń gba owó lọ́wọ́ gbogbo yín fún un. Báwo ló ṣe máa wá sọ lónìí pé òrùlé tẹ́ ẹ jọ ń tún ṣe kì í ṣe ara ibi àjọlò? Mi ò sọ pé adájọ́ máa gbà á pẹ̀lú ẹ̀rín o, ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti lo nǹkan àti ẹni tó ni ín yàtọ̀, lọ́yà rẹ̀ sì máa sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń lo òrùlé náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti fi bo orí ni, kò lè ká a kúrò lórí yín bó ṣe wù ú.

Kọ́ńsẹ́ǹtì tí ò tíì jáde yẹn ni mo ní màá padà sí. Àwọn kan rí i bí àléébù, èmi rí i bí ààyè. Torí ìwé ò tíì pé, ẹ ṣì lè tún un kọ kó tó wọ rẹ́jísítà. Ẹ ní kẹ́ ẹ jọ fọwọ́ sí àtúnṣe tó máa sọ ibi tí ààlà fúláàtì wà nínú ògiri àti dẹ́kìn, tó máa sọ pé òrùlé àti àyè òkè rẹ̀ jẹ́ ti gbogbo yín, tó máa fún kálukú ní ìkẹfà ilẹ̀, kẹ́ ẹ sì lẹ pláànì àjà kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn pẹ̀lú òǹkà gíga láti ilẹ̀. Sọ́féyọ̀ tó bá níwèé lè ṣe ìyẹn fún yín lọ́jọ́ méjì, owó ẹ̀ ò tó ohun tẹ́ ẹ máa san fún lọ́yà tó máa lọ kóòtù lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi orúkọ ẹgbẹ́ onílé sílẹ̀ ní CAC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ kọ́ńpìnnì àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, kí òrùlé lè ní ẹni tó máa dì í mú. Kí lọ́yà yín sì fi ìkìlọ̀ sílẹ̀ ní rẹ́jísítà ilẹ̀ n'Aláùsá kí dẹfẹ́lọ́pà má bàa fi ilẹ̀ náà yá owó tàbí kó ta òkè fún ẹlòmíì lẹ́yìn yín.

Ó lè kọ̀. Nígbà náà, ẹ bá a dúnàádúrà. Tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé òpó lè gbé àjà kan, tí LASPPPA fọwọ́ sí i, tó sì máa san owó àjà yẹn fún ẹ̀yin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tàbí kó fi ṣe líìfùtì àti àtúnṣe bọ́ọ̀hólù, èmi ò ní sọ pé kẹ́ ẹ má gbà. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa bú mi lórí èyí. Ti ọ̀pá nẹ́tíwọ́ọ̀kì, owó rẹ́ǹtì tó bá ń wọlé látibẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ àpò ẹgbẹ́, kó tó di pé ẹnikẹ́ni gbé okùn waya kankan gòkè.

Ẹni fúláàtì 1 tẹ́ ẹ ní kò fẹ́ dá sí i, pé ìsàlẹ̀ lòun wà, ẹ bi í pé inú pálọ̀ ta ni òpó tó máa gbé àjà karùn-ún dúró sí. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ gba nọ́ńbà fóònù ẹ̀ kẹ́ ẹ fi sí ara àwọn tó máa fọwọ́ sí lẹ́tà LASBCA. Ẹ fi lẹ́tà náà hàn wá síbí kẹ́ ẹ tó gbé e lọ, ẹ bo orúkọ àti àdírẹ́sì, màá bá yín kà á.